Ìlà Méjì Lórí Ìwé Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí káfíńtà ka lẹ́tà náà tán, ó tún un kà, ó wá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà. Láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti wá, kò sì ju ìlà mẹ́rin lọ: nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ti wọn gíga àti ìwúwo àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ó sì fẹ́ kí òbí rẹ̀ kan wá rí òun kíákíá lórí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ọmọ náà.

"Ìdàgbàsókè wo?" Ó ju ìwé náà sórí pákó tó ń fá lọ́wọ́. "Ẹ kúkú sọ pé ọmọ mi sanra. Ṣé wọ́n rò pé mi ò lójú ni?"

Ọmọ náà fúnra rẹ̀, tó mú lẹ́tà wá, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Oòrùn ọ̀sán ń jó gbogbo ayé, òógùn ń kán tó-tó-tó ní iwájú orí baba rẹ̀, ṣùgbọ́n súwẹ́tà wà lọ́rùn òun, ó sì fa apá rẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi," ló wí, àfi bí ẹni pé òun ló kọ lẹ́tà náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun káfíńtà ju lẹ́tà lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Nígbà tó wà ní mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó lè mú un jókòó. Á sáré wọlé, á sáré jáde, á dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í. Láti bí ọdún méjì wá, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí i lára. Wọ́n á jí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìde lórí ibùsùn. Iṣẹ́ ìṣirò tó máa ń parí kí omi tó hó lórí iná, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà á báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyẹn náà ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì fi sọ ọ́ lórúkọ: Rọ̀bọ̀tọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá, tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ti fi odindi orí kan ga jù ú lọ. Àlejò tó bá wọlé, Kékeré ni wọ́n ń kí bí ẹ̀gbọ́n. Kékeré á nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Òun ni ẹ̀gbọ́n mi o," àlejò á bú sẹ́rìn-ín, á rò pé ọmọ ń ṣàwàdà.

Ìyá wọn, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí. Ó dín oúnjẹ ọmọ kù sí ìdajì. Ó ra okùn fífò, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fò ó nígbà ọgọ́rùn-ún kó tó lọ sílé ìwé. Nígbà tí kò jọ pé ó fọn, àwọn ará ilé sọ pé àfàìmọ̀ kó má máa yọ́ oúnjẹ jẹ. Ìyá ra àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà kò ráhùn. Á jẹ ìdajì rẹ̀, á fọ abọ́, á gbé okùn. Káfíńtà ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìyá ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ẹ̀wù tó dáa jù lọ, ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ jọ, kò sì sí èyí tó dùn ún gbọ́ nínú wọn.

Yàrá nọ́ọ̀sì wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Káfíńtà wo ara ògiri, ó rí ibi tí ẹsẹ̀ àga ti ha á, ó mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí tẹ́lẹ̀ ni. Tábìlì kan, ìjókòó mẹ́ta, aṣọ ìkélé aláwọ̀ búlúù, fèrèsé tó kọjú sí pápá ìṣeré. Obìnrin onígbọ̀nwọ́ ńlá, olóhùn ńlá ló ti ń múra láti bá jà. Ẹni tó bá níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó tínrín bí ọ̀pá, ó fi pẹ́ńsùlù há irun, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pákó gíga kan tó gbé ti ògiri. Nọ́ọ̀sì Onítéèpù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ló wí, kò sì yíjú.

Ó so òwú mọ́ òkè pákó náà, kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sí ìdí òwú. Ó dúró títí kọ́kọ́rọ́ fi ṣíwọ́ jíjù, ó sì wo àlàfo tó wà láàárín òwú àti pákó, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Káfíńtà mọ ohun tó ń ṣe. Ogún ọdún ló ti ń fi irú òwú bẹ́ẹ̀ wò ó bóyá férémù ilẹ̀kùn dúró ṣánṣán. Ọ̀rọ̀ ìjà tó tò sẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í wábi gbà.

"Ta ló kọ́ yín nìyẹn?" Kò mọ ìgbà tó béèrè.

"Pákó ló kọ́ mi, sà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọn odindi kíláàsì kan lórí pákó tó fì. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí mo rí i, mo pe gbogbo wọn padà, mo tún wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba pákó kankan gbọ́ tí mi ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀."

Ó dìde, ó ká aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sórí ìwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

"Lítà mẹ́wàá omi," ló wí. "Kílò mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tí mo bá ti yọ ti kẹ́ẹ̀gì kúrò. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ìwọ̀n ni kò dáa, kì í ṣe omi."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, kí ó tó rántí pé ìjà lòun bá wá.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ náà. Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ni ara rẹ. Ṣé kí Bàbá dúró, àbí kí wọ́n bọ́ síta?"

Ọmọ náà wo baba rẹ̀, ẹnu yà á pé ẹnì kan lè bi òun ní irú ìyẹn. "Kí wọ́n dúró," ló wí.

"Ó dáa. Bọ́ bàtà, bọ́ súwẹ́tà. Irun tó dì sókè yìí ńkọ́, ṣé mo lè tú u? Ó lẹ́wà o, ṣùgbọ́n mi ò lè kà á mọ́ gíga."

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tú irun náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú òwú tó lọ́ pọ̀. Ó ní kó kó gìgísẹ̀ méjèèjì ti pákó, kí ìdí àti èjìká kan án, kí ó wo igi tó wà níta fèrèsé, kì í ṣe òkè, kì í ṣe ilẹ̀. Ó ní kó mí sínú. Ó fa pákó kékeré tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi kan orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé nọ́ńbà náà gan-an. Inú káfíńtà dùn sí ìyẹn dé ọkàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti kọ́ ò níye, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ka téèpù bí ẹni tó ń yọjú wo aládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, kó rìn lọ rìn bọ̀, kó tún gorí rẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdámẹ́wàá sẹ̀ǹtímítà ni ọ̀kan fi ju èkejì.

Ìwọ̀n kílò wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọmọ náà wọ ibẹ̀ lọ, ó sì lọ́ra. Nọ́ọ̀sì wọlé tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Káfíńtà kò gbọ́ nọ́ńbà kankan. Ìgbà yẹn ló rántí pé lọ́dún tó kọjá, ọmọ yìí sunkún wọlé nítorí pé ẹni tó wá wọ̀n wọ́n nígbà náà ké ìwúwo rẹ̀ jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, tí gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Ó ti gbàgbé. Ó wo aṣọ ìkélé náà.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì. Ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n ń gòkè lọ láti òsì sí ọ̀tún bí ọ̀nà orí òkè.

"Báyìí ni àwọn ọmọbìnrin ṣe ń dàgbà, sà. Àwọn kan ń gba ọ̀nà òkè lọ, àwọn kan ń gba ti ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Èmi ò wá ẹni tó kúrú, mi ò sì wá ẹni tó sanra. Ọmọ tó kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀ ni mò ń wá." Ó fi ìdí pẹ́ńsùlù tọ́ka. "Gíga rẹ̀ nìyí. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gba ọ̀nà yìí bọ̀, kò yẹsẹ̀. Ó pé ọdún méjìlá, ó lé díẹ̀. Ẹ wá wò ó níbí."

Káfíńtà tẹ̀ síwájú. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìlà fún un. Ìlà náà ń gòkè, ń gòkè, ó wá sùn gbalaja bí ẹni tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ìlà kejì, ti ìwúwo, kò dúró. Ó ń bá tirẹ̀ lọ sókè.

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ," ni káfíńtà wí. "Ẹ fẹ́ ká dín oúnjẹ rẹ̀ kù. A ti dín in kù. Ìdajì ló ń jẹ."

Nọ́ọ̀sì gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, láti alẹ́ òní, ẹ dá ìdajì yẹn padà fún un."

Ọmọ náà gbójú sókè.

"Ọmọ tó ń jẹ àjẹjù," ni nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ó máa ń tóbi, ṣùgbọ́n ó máa ń ga pẹ̀lú. Nígbà míì, ó ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ọmọ bá ń wúwo sí i tí kò sì ga, oúnjẹ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nǹkan kan nínú ara ló ń fà á sẹ́yìn." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ṣé òtútù máa ń mú ọ nígbà tí kò mú àwọn tó kù?"

"Ní gbogbo ìgbà, mà."

"Oorun ńkọ́?"

"Tí mo bá sùn tán, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni pé mi ò sùn."

Nọ́ọ̀sì bojú wo ilẹ̀. "Bàtà tó wà nílẹ̀ yìí, sà, ìgbà wo lẹ rà á?"

Káfíńtà wò ó. Bàtà dúdú ilé ìwé ni. Ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti rà á, ó sì ṣì ń wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Láàárín àkókò yẹn, bàtà mẹ́rin ti há mọ́ Kékeré lẹ́sẹ̀. Òun àti ìyá wọn a máa yin àkọ́bí pé ó mọ nǹkan tọ́jú. Káfíńtà mú bàtà náà sọ́wọ́. Òun tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn tó fi ìbú èékánná yẹ̀ jáde nílé iṣẹ́ òun, ẹsẹ̀ ọmọ òun dúró lójú kan láti ọdún méjì, òun ò sì rí i.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan iwájú ọrùn ọmọ náà, ó ní kó mu omi díẹ̀ kó gbé e mì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé bí nǹkan ṣe ń lọ sókè sódò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ káfíńtà pé kó bọ́ síta díẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti obìnrin sí obìnrin. Nígbà tó padà wọlé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Kò béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Èmi kì í ṣe dókítà," ni nọ́ọ̀sì wí, "mi ò sì ní pe àrùn lórúkọ nígbà tí wọn ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun, ó rí bí labalábá. Òun ló ń sọ fún ara pé kó gbóná, kó dàgbà, kó jí. Mo rò pé tirẹ̀ ń tòògbé. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí fún dókítà ilé ìwòsàn, mo sì da ìlà méjèèjì kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ máa dín oúnjẹ kù, ẹ má kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rí i láti ọdún méjì?"

"Wọ́n ń wọ̀n wọ́n lọ́dọọdún, sà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń dá wà. Kò sẹ́ni tó kó wọn jáde tò síra wọn. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí mo dé ibí. Mo lo ìsinmi tó kọjá láti fi ya ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan."

"Àwọn ọmọ mélòó?"

"Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta díẹ̀," ló wí, bí ẹni tó ní òun ra búrẹ́dì méjì.

Nílé, ìyá wọn tẹ́tí títí káfíńtà fi sọ̀rọ̀ tán. Ó dìde, ó lọ ṣí àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sọnù, ó wá dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Èmi ni mò ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Baba wọn," ló wí. "Ọmọ ń ṣàìsàn, èmi ń fún un ní okùn."

"Àwa méjèèjì ni, Ìyá wọn."

Ọmọ náà lọ dì mọ́ ọn lẹ́yìn. "Ẹ má sunkún, Màmá. Mo ti mọ okùn fò dáadáa báyìí." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì tún sunkún kún un.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ rí bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́. Dókítà ọ̀dọ́ kan tí iṣẹ́ ti dá lágara wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ó ń jẹun jù. Ẹ dín ọ̀rá àti ṣúgà kù." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìwé ẹni tó kàn.

Káfíńtà kò dìde. "Ẹ má bínú, dókítà. Pákó ni mò ń gbẹ́, mi ò mọ ìwé tó yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn wò."

Dókítà ṣí i. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó tún padà sí àkọ́kọ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ta ló ya èyí?"

"Nọ́ọ̀sì ilé ìwé wọn ni."

"Ẹ bá mi kí i," ni dókítà wí, ó sì kọ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì dé. Labalábá ọrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn tán. Oògùn rẹ̀ kò ju hóró kékeré kan lọ, láràárọ̀, kó tó fẹnu kan oúnjẹ, kó má sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Káfíńtà wo hóró náà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kéré ju orí ìṣó tó kéré jù nílé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá wọn lọ jí ọmọ, ó bá ibùsùn lófo. Ó ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbàgbé súwẹ́tà rẹ̀ sílé ìwé, kò sì rántí pé ó sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Òun àti Kékeré ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀, lórí ẹni tó mú ìwé ẹni, lórí ẹni tó ń mí sókè jù lórí ibùsùn. Ìyá wọn á ké mọ́ wọn láti inú ilé, káfíńtà á dá ayùn dúró, á máa fetí sí wọn bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Lóṣù kẹrin, nọ́ọ̀sì tún wọn ọmọ náà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ló fi ga sí i. Kò pariwo. Ó fún ọmọ náà ní pẹ́ńsùlù, ó ní, "Gbà, fọwọ́ ara rẹ fi àmì tuntun síbẹ̀." Ọmọ náà fi í, ìlà tó ti sùn láti ọjọ́ yìí sì gbórí sókè lórí ìwé. Ojú nọ́ọ̀sì rọ̀, ó sì yára yíjú sí fèrèsé.

Káfíńtà dúró títí ọmọ fi lọ sí kíláàsì.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Tábìlì ni, àga ni, ilẹ̀kùn ni, ẹ ṣáà sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ronú díẹ̀. "Nǹkan kan wà, sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pákó. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kejì. Ìlà ìwúwo tirẹ̀ ń wálẹ̀ láti oṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí baba rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ní ìdí afárá. Èsì tó fún mi kẹ́yìn ni pé kí n yé fi ojú burúkú wo ọmọ òun. Èmi ni nọ́ọ̀sì, ó rò pé ẹjọ́ ni mo pè é. Bó bá jẹ́ baba bíi tirẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀…"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí káfíńtà fi gbé fìlà rẹ̀.

Ìdí afárá kò jìnnà. Ọkọ̀ àjòkù mẹ́ta wà níbẹ̀, epo dúdú rin ilẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì yọ jáde lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan wí láti abẹ́ ọkọ̀.

"Káfíńtà ni."

"Mi ò pe káfíńtà."

"Mo mọ̀." Ó wá táyà kan, ó jókòó lé e, kò tiẹ̀ wo epo tó wà lára rẹ̀. "Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, ọ̀gá. Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Mo fẹ́ sọ nǹkan tí ojú mi rí, tí mo sì kọ̀ láti wò fún ọdún méjì gbáko."

Lábẹ́ ọkọ̀, ìró irin dákẹ́. Káfíńtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.